Wọ́n fẹ́ kí ọmọ mi tó ní ẹ̀jẹ̀ SS wọ inú ìwádìí. Kí ni kí n béèrè kí n tó tẹ̀ka?

Ìyá Tèmi (Ìṣokùn, Ilésà), Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 9, kílò 22 ni, SS (sickle cell) ni. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, PCV rẹ̀ (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀) kì í kọjá 24. Folic acid àti Paludrine (ti ibà) ló ń lò lójoojúmọ́, ó sì ti tó oṣù 8 tó ti ń lo hydroxyurea, oògùn tó ń dín ìrora SS kù. Ní kíliníìkì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn olùwádìí kan wá bá àwa òbí, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa tọ pa ọmọ náà fún ọdún 2. Ìgò ẹ̀jẹ̀ 3 ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ọ̀kan nínú ìgò yẹn jẹ́ ti "jíìnì" (ohun tí ọmọ jogún lára òbí), wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Tó bá di oṣù kẹfà, wọ́n á pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì: àwọn kan á máa lo oògùn tuntun, àwọn yòókù á máa lo èyí tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní nǹkan kan nínú.

Ìwé olójú ewé 6 ni wọ́n kó fún mi, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni wọ́n fẹ́ fà tà. Èmi ní tèmi, ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára ọmọ, wọ́n tún fẹ́ fà nínú rẹ̀. Bí mo bá sì kọ̀, ṣé wọn ò ní bínú sí wa ní kíliníìkì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Lábù Sábó (Ifẹ̀), Ọjọ́ Àìkú, 9:15 alẹ́

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, màmá. Ọmọ kílò 22 ní ẹ̀jẹ̀ bíi 1,600 ml lára, torí ó máa ń tó nǹkan bíi 75 ml sí kílò kan. Ìgò onídèérí àlùkò tí wọ́n sábà ń lò ń gba 4 ml. Mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 12 ml, kò kún ṣíbí tíì 3, kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń fún ìwádìí láṣẹ ń tẹ̀ lé fún ọmọdé ni pé kí ẹ̀jẹ̀ ìwádìí má ju 3 ml sí kílò kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 8, kí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ má sì kọjá 50 ml. 12 ml ṣì jìnnà síbẹ̀.

Èyí tó yẹ kó jẹ yín lógún ju iye lọ ni ìgbà tí wọ́n ń fà á. Bí eegun bá ń ro ó, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, kí wọ́n má fa ti ìwádìí lọ́jọ́ náà rárá, àfi èyí tí wọ́n fẹ́ fi tọ́jú òun gan-an. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn á ṣì wà nínú tirẹ̀ fún bí oṣù 3, ohun tí wọ́n bá rí nínú ìgò kò ní jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Ẹ ní kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí kíliníìkì fẹ́ fà, kí abẹ́rẹ́ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Kí ọmọ mu pure water kan kó tó kúrò nílé, kí ẹ wọ súẹ́tà alápá gígùn fún un. Apá tó bá móoru ni iṣan máa ń yọ lára rẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń fà á. Okùn tó fi di apá ọmọ kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ìgò bá kún tán, kó rọra máa dojú rẹ̀ délẹ̀, kó máa gbé e padà, bíi ìgbà 8. Bí kò bá ṣe é, ẹ̀jẹ̀ á dì, wọ́n á ní kí ẹ padà wá, abẹ́rẹ́ kejì nìyẹn. Bó bá sì gbọ̀n ọ́n gìrìgìrì, sẹ́ẹ̀lì á fọ́, àyẹ̀wò á bàjẹ́.

Bàbá ọmọ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé yẹn pẹ̀lú yín o.

Ọmọ Ọbòkun, Ọjọ́ Àìkú, 9:31 alẹ́

Ẹ má tẹ̀ka. Ṣé ẹ ti gbàgbé Kano 1996 ni? Àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọ, wọ́n gbé oògùn tuntun wá dán wò lára wọn, ẹjọ́ rẹ̀ sì gba ọdún tó lé ní 10. Wọ́n á kó ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín lọ sókè òkun, ẹ ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ọjọ́ Ajé, 6:05 òwúrọ̀

Ọmọ Ọbòkun, Kano ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kò sì yẹ ká gbàgbé ẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò wà bó ṣe wà nígbà náà. NHREC, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ìwádìí ìlera, gbé ìwé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2007, Òfin Ìlera ọdún 2014 sì fún ìgbìmọ̀ náà lágbára. Kì í sì í ṣe gbogbo ìwádìí ló burú nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Káàdì ìwọ̀n ọmọ tí àwọn ìyá ń gbé lọ síbi abẹ́rẹ́ àjẹsára káàkiri ayé, Ìmẹ̀sí-Ilé ni gbòǹgbò rẹ̀ wà: ní àwọn ọdún 1950, David Morley tó ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild ń wọn àwọn ọmọ ibẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn ìyá tó gbé ọmọ wá fún un ló jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Ìyá Tèmi, ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ni màá kọ́kọ́ dáhùn. Bí ẹ bá kọ̀, ìtọ́jú ọmọ ní kíliníìkì kò gbọdọ̀ yí padà rárá. Bí ẹ bá gbà lónìí tí ọkàn yín yí padà lẹ́yìn oṣù 5, ẹ lè jáde láìsọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Kí ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Bó bá ti wà lórí oògùn nígbà náà, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ kí ẹ tó já a, torí oògùn mìíràn wà tí a kì í já lójijì.

Lábù Sábó, ẹ ṣé fún ìṣirò yẹn, àmọ́ ti bàbá kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ewu ìwádìí bá kéré, òbí kan tó. Níbi tí oògùn tuntun bá wọ̀ ọ́, ìgbìmọ̀ tó fún ìwádìí náà láṣẹ lè ní àfi kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Inú ìwé náà lẹ máa rí i. Ẹni tí gbogbo yín gbàgbé ni ọmọ fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún 9 lẹ́nu. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún un bó ṣe máa yé e, kó sì fẹnu ara rẹ̀ gbà. Bó bá ní òun ò fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fi bisikíìtì tàn án.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò tó. Ẹ béèrè ti Yorùbá, èyí tí ìgbìmọ̀ lu òǹtẹ̀ sí, kì í ṣe èyí tí ẹnì kan ń túmọ̀ sáfẹ́fẹ́ níwájú yín. Bí ìyá àgbà bá fẹ́ gbọ́, kí wọ́n kà á sí i létí, kí ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn wà níbẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé, ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ kan rò ó. Ẹni tó bá ní ojú ẹsẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ka, ẹ fi í sílẹ̀.

Lára òǹtẹ̀ yẹn, nọ́ńbà ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Ìyọ̀ǹda tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ti kú nìyẹn. Nọ́ńbà fóònù 2 gbọ́dọ̀ wà: ti olórí ìwádìí, àti ti ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀. Ti ìgbìmọ̀ ni kí ẹ pè. Nítorí pé oògùn wà nínú rẹ̀, NAFDAC náà gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i.

Kí ẹ wá bi wọ́n pé: bí oògùn yìí bá ṣe ọmọ mi ní jàǹbá, ta ló máa san owó bẹ́ẹ̀dì, owó ẹ̀jẹ̀, owó oògùn? "A máa tọ́jú rẹ̀" kì í ṣe ìdáhùn. Kí wọ́n fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín, àti bóyá ìbánigbófò wà fún un. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọjọ́ kíliníìkì tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń na owó tó pọ̀ sí yín lójú kí ẹ má bàa ka ìwé, ẹ dìde níbẹ̀.

Apòògùn Ìrẹ̀mọ, Ọjọ́ Ajé, 7:50 òwúrọ̀

Nọ́ọ̀sì Àgbà ti sọ tán lórí ìwé. Lórí oògùn, ìbéèrè kan ló ju gbogbo yòókù lọ: àwọn ọmọ tó bá bọ́ sí ọ̀nà oògùn tí kò ní nǹkan nínú, ṣé wọ́n á ṣì máa lo hydroxyurea wọn? "Bẹ́ẹ̀ ni" ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dá a dúró, ẹ má gbà. Pípín yẹn dà bí ìgbà tí a ṣẹ́ gègé. Dókítà kò lè yan ọ̀nà fún ọmọ yín, òun náà sì lè má mọ èyí tó ń lò títí ìwádìí á fi parí. Ẹ má lọ bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fi ọmọ yín sí ọ̀nà oògùn gidi.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ hydroxyurea: 1998 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà tó ní sickle cell. Nílẹ̀ wa níbí, ẹ̀rù ń ba àwọn dókítà tẹ́lẹ̀ pé ó lè jẹ́ kí ibà túbọ̀ máa mú ọmọ. Ìwádìí REACH fún ọmọ 606 ní hydroxyurea, ní Angola, Congo, Kenya àti Uganda. Ìrora dín kù, gbígba ẹ̀jẹ̀ dín kù, ibà dín kù, ikú dín kù. Ká ní àwọn òbí yẹn ò gbà ni, a ò bá ṣì máa bẹ̀rù. Ọmọ Ọbòkun, Kano tí ẹ dárúkọ yẹn, ibẹ̀ àti Kaduna ni wọ́n ti ṣe ìwádìí SPRING: àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ nínú iṣan ọpọlọ wọn, tó fẹ́ já sí rọpárọsẹ̀, ṣé 10 mg sí kílò kan tó ni àbí 20 mg? Ní 2022 tí àbájáde rẹ̀ jáde, rọpárọsẹ̀ kò yàtọ̀ láàárín ìwọ̀n méjèèjì. Ọmọ Nàìjíríà ló dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ní ti ìwọ̀n, 20 mg sí kílò kan fún kílò 22 jẹ́ 440 mg, bẹ́ẹ̀ 500 mg ni kápúsù. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè ní kó lo ẹyọ kan fún ọjọ́ 6, kó fo ọjọ́ keje: 3,000 mg lọ́sẹ̀ dípò 3,080. Dókítà ni kó ṣe ìṣirò yìí o, kì í ṣe ẹ̀yin nílé. Ẹ má fọwọ́ lásán tú kápúsù náà. Aláboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyẹ̀fun rẹ̀ rárá. Hydroxyurea lè fa sẹ́ẹ̀lì funfun àti platelet (èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) wálẹ̀ láìsí àmì kankan lójú, ìyẹn ni FBC (àyẹ̀wò tó ń ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀) ṣe pọn dandan: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà oṣù méjì sí mẹ́ta. Bí ìwádìí bá ń ṣe FBC lọ́fẹ̀ẹ́, àǹfààní gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ fún fáìlì kíliníìkì lójú ẹsẹ̀. Bí èsì bá wà lọ́wọ́ olùwádìí nìkan, dókítà tó ń kọ oògùn kò ní rí i.

Ohun kan tún wà. Oògùn tuntun lè má dára ju ti àtijọ́ lọ. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí voxelotor ní 2019. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kó o kúrò lọ́jà jákèjádò ayé, torí àwọn ìwádìí fi hàn pé crisis (ìrora ńlá tó ń ṣàdédé mú wọn) àti ikú tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń lò ó ga jù. Ẹ béèrè bóyá ìgbìmọ̀ ọ̀tọ̀ wà tó ń yẹ àbájáde wò láàárín ọ̀nà, tó lè dá gbogbo rẹ̀ dúró kí ọdún 2 tó pé.

Ewé Ńjẹ́ (Òkè-Ìtaṣẹ̀), Ọjọ́ Ajé, 10:22 òwúrọ̀

Gbogbo èyí, ẹ ò dárúkọ ewé kan. Yunifásítì Ifẹ̀ níbí ni wọ́n ti fi hàn ní 1971 pé omi gbòǹgbò orin ata lè tú sẹ́ẹ̀lì tó ti ká bíi dòjé padà sípò. Niprisan tí NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba, ṣe ní Abuja, iyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀, NAFDAC sì fún un ní ìwé ní 2006. Kí ọmọ máa mu àgbo rẹ̀, kó fi kẹ́míkà sílẹ̀.

Apòògùn Ìrẹ̀mọ, Ọjọ́ Ajé, 10:48 òwúrọ̀

Àwọn ewé yẹn jóòótọ́, iṣẹ́ Ifẹ̀ sì jẹ́ ohun àmúyangàn. Ṣùgbọ́n inú ìgò ní ilé àyẹ̀wò ni sẹ́ẹ̀lì ti tú ní 1971, ìgò kì í ṣe ara ọmọ. Niprisan náà, wọ́n wọn ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì ṣèwádìí lórí èèyàn kó tó gba ìwé. Àgbo inú ìkòkò, ta ló mọ iye rẹ̀ nínú ife kan? Ẹ má dá hydroxyurea dúró nítorí rẹ̀. Bí ọmọ bá sì ń mu àgbo, ẹ sọ fún àwọn olùwádìí, kí ẹ má tijú. Bí ẹ bá fi pamọ́ tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fi ìyọnu hàn nínú àyẹ̀wò, oògùn ni wọ́n á dá lẹ́bi, ìdáhùn tí wọ́n bá sì kọ sílẹ̀ á ṣi àwọn ọmọ mìíràn lọ́nà.

SS ni mí (OAU), Ọjọ́ Ajé, 1:10 ọ̀sán

Bí ẹ bá rí "fòníkú-fọ̀ladìde", orúkọ tí àwọn kan ń pe àrùn wa, nínú ìwé Yorùbá wọn, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọmọ ọdún 9 mọ̀wé kà.

Ìwádìí sábà máa ń ka iye ìgbà tí ọmọ dé ọsibítù. Ìrora tó fi eyín há mọ́ra nílé kò sí nínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ nílé ni èyí tó pọ̀ jù wà. Ẹ ra ìwé 40 leaves kan fún un. Kó kọ ọjọ́ àti wákàtí tó bẹ̀rẹ̀, ibi tó ń ro ó, nọ́ńbà láti 0 dé 10, oògùn tó lò àti ìwọ̀n rẹ̀, ìgbà tó lọ. Kí ó kọ ohun tó ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú: òjò pa á, ó gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án gangan, ó fi omi tútù wẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́. Kó kọ ọjọ́ tí kò lọ sílé ìwé. Kó kọ àárẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù kì í béèrè àárẹ̀, òun ló sì ń jẹ ayé ẹni jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n máa ka ìwé yẹn.

Ní ti paracetamol, 15 mg sí kílò kan jẹ́ 330 mg fún un lẹ́ẹ̀kan, wákàtí 6 láàárín, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́. Kó mu lítà 4 omi lójúmọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ọjọ́ Ajé, 1:34 ọ̀sán

Àbúrò, ti ìwé yẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n lítà 4 ti àgbàlagbà nìyẹn, ẹ má rọ ọ́ sínú ọmọ kílò 22. Lítà kan ààbọ̀ tó fún un, ìyẹn pure water 3 tó jẹ́ 50 cl. Bí oòrùn bá mú, tó ń sáré kiri, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ fi ẹyọ kan kún un. Ẹ fi ọ̀kan sínú báàgì ilé ìwé, kí ẹ bá tíṣà sọ ọ́ pé kó máa jẹ́ kó jáde lọ tọ̀, torí ọmọ tí wọn ò jẹ́ kó tọ̀ kò ní mu omi.

Ìyá Ọ̀ṣú, Ọjọ́ Ajé, 2:02 ọ̀sán

Bó bá jẹ́ Ifẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ẹ béèrè ọjọ́ tó bọ́ sí ìsinmi ilé ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ láàárín ọdún 2 ni oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ọmọ tí crisis ti ń gbà lọ́jọ́ ilé ìwé tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ọbòkun, Ọjọ́ Ajé, 4:47 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ti SPRING yẹn, n ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ti ìgò jíìnì tí wọ́n fẹ́ tọ́jú pamọ́.

Lábù Sábó (Ifẹ̀), Ọjọ́ Ajé, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ìbéèrè tó yẹ ni. Bí ìgò bá fẹ́ kúrò ní Nàìjíríà, ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ wà láàárín ibi tó ti kúrò àti ibi tó ń lọ, tó sọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe àti ohun tí wọn ò gbọdọ̀ fi ṣe. Nọ́ńbà ni kó wà lára ìgò, kì í ṣe orúkọ. Ẹ béèrè iye ọdún tí wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀, àti bóyá wọ́n máa dà á nù bí ẹ bá ní kí wọ́n dà á nù.

Ìwé tó dára máa ń ya ìyọ̀ǹda náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: àpótí kan fún ìwádìí, àpótí kan fún ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ pamọ́, àpótí kan fún jíìnì. Ẹ lè fi àmì sí ọ̀kan, kí ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn kì í sọ nìyí: bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá pẹ̀lú ti ọmọ, àyẹ̀wò jíìnì lè tú àṣírí ẹni tó bí ọmọ. Kí ìwé sọ gbangba pé wọn ò ní fi irú èsì bẹ́ẹ̀ hàn ẹnikẹ́ni nínú ẹbí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, mo gba àtúnṣe yín lórí ti bàbá.

Ìyá Tèmi (Ìṣokùn, Ilésà), Ọjọ́ Ajé, 8:15 alẹ́

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Ó ku ọ̀kan. Bí ara rẹ̀ bá gbóná lóru nígbà tó wà nínú ìwádìí, ṣé àwọn olùwádìí ni kí n kọ́kọ́ pè?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ọjọ́ Ajé, 8:29 alẹ́

Rárá o! Ọsibítù lẹ kọ́kọ́ ń lọ, ọ̀nà lẹ ti lè pè wọ́n. Ara gbígbóná tó dé 38.5, ẹ má dúró di àárọ̀. Bákan náà bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tí kò lè mí dáadáa tàbí tí àyà ń dùn ún, tàbí tí abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ lápá òsì ṣàdédé wú, tí àtẹ́lẹwọ́ àti ètè rẹ̀ funfun. Ẹ ra tẹmómítà. Ọwọ́ lórí iwájú orí kì í sọ nọ́ńbà.

Bí wọ́n bá fún yín ní káàdì ìwádìí, kó wà nínú báàgì rẹ̀ nígbà gbogbo. Dókítà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oògùn kan tí kò mọ̀ lè wà lára ọmọ, kó sì rí nọ́ńbà tó lè pè láti mọ̀ ọ́n.

Ìyá Tèmi (Ìṣokùn, Ilésà), Ọjọ́ Ajé, 9:03 alẹ́

Mo ti ṣí ìwé náà báyìí. Ojú ewé 4 ni wọ́n kọ 12 ml sí. Hydroxyurea á máa lọ ní ọ̀nà méjèèjì, wọ́n kọ ọ́. Òǹtẹ̀ wà, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo ló wà, ti olórí ìwádìí, àpótí kan ṣoṣo ló sì wà fún gbogbo rẹ̀ pọ̀, jíìnì àti oògùn. Kò sí ìlà kankan tó sọ ẹni tó máa sanwó jàǹbá. Ọjọ́bọ̀ ni màá padà lọ bá wọn. N ò ní tẹ̀ka lọ́jọ́ náà.

Lábù Sábó (Ifẹ̀), Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Ẹ mú èsì FBC tó ṣe kẹ́yìn dání, màmá, pẹ̀lú ọjọ́ tó gba ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ mú ọmọ náà pẹ̀lú, kí wọ́n lè bá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.